Patanmọ́ Iwájú Ilé Wa

Ní Ìkọ̀lé níhìn-ín, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀,
tí ilẹ̀ bá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù,
ìgbà yẹn ni mo máa ń kúnlẹ̀ síwájú ilé
tí àwọn ará ọ̀nà ń rò pé àdúrà ni mò ń gbà.
Kì í ṣe àdúrà. Èmi àti gbòǹgbò la jọ wà á fà.

Ọkọ mi ló gbin koríko yìí lọ́dún tó fẹ̀yìntì.
Ó fi mọ́tò kó o láti Adó, ní ègé-ègé bí búrẹ́dì,
ó tẹ́ ẹ, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Ó ní, "Iwájú ulé mi, mo fẹ́ máa bọ́ bàtà níbẹ̀."
Ọdún méjì péré ló fi bọ́ bàtà.

Típà yanrìn kan ṣoṣo ló kó wàhálà dé.
Ìgànná ni mo fẹ́ tún mọ.
A lo yanrìn tán, a gbá ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
a ò mọ̀ pé àlejò ń sùn nínú rẹ̀.

Mo ti wá dá wọn mọ̀ báyìí.
Èyí tó ń dán, tí igi rẹ̀ ní ìhà mẹ́ta
bí o bá fi ìka méjì yí i,
ìbátan làbẹ̀làbẹ̀ ni, má wulẹ̀ já a lórí:
kókó dúdú kan wà nísàlẹ̀ tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín.
Imí-eṣú, òórùn ara rẹ̀ ló ń tú u fó.
Ẹ̀kan, ẹni tó bá ti rí iṣu tó gún ní àgúnyọ
kò ní fi àdá gé e kó pè é ní iṣẹ́.
Wíwú ni. Títí ọwọ́ yóò fi bó.

Ọ̀gbẹ́ni Fápohùndà ní kí n ra oògùn.
Òun fọ́n tirẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, atẹ́gùn ń fẹ́.
Lọ́jọ́ kẹjọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti rọ,
koríko rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀wù tó pẹ́ lóòrùn.
Patanmọ́ padà wá. Koríko ò padà.

Èmi náà jẹ̀bi, mo fẹ́ jẹ́wọ́:
mò ń gé koríko kanlẹ̀ bí orí ọmọ tí wọ́n fá,
oòrùn wọlé, ó jí gbogbo irúgbìn tó ń sùn.
Ní báyìí mo fi í sílẹ̀ kó ga dé kókósẹ̀,
kó ṣíji bo ilẹ̀ ara rẹ̀.
Ibi tí mo bá sì ti fa patanmọ́ tu
mo ń ti ègé koríko bọ ihò náà lọ́jọ́ kan náà,
nítorí ihò òfìfo, ìkésíni ni.

Ìbídàpọ̀, ọmọ ọmọ mi, fọwọ́ kan ewé rẹ̀:
"Patanmọ́, àlejò dé, pa itan dé!"
Ewé pa dé, wẹ́rẹ́.
"Màmá àgbà, ṣé ó ń tijú ni?"
Kò tijú.
Ẹni tó ń tijú kì í gba iwájú ilé onílé.

Lóṣù tó kọjá mo rí agolo mílíìkì kan lójú fèrèsé,
patanmọ́ kan nínú rẹ̀, a ti bomi rin ín dáadáa.
Mi ò sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, tí ọmọ bá ti sùn,
mo máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé òdòdó rẹ̀
kó tó ráyè di èso.

Lánàá mo bọ́ bàtà.
Mo rìn dé ìdajì pápá
kí ẹ̀gún tó pè mí lórúkọ.